Ẹ̀jẹ̀ Tó Pọ̀ Jù Ló Gbé Mi Dé Àbíjàn

Ní Ẹ̀jìgbò tiwa, bí èèyàn bá sọ pé òun ti Àbíjàn dé, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sí agbo ilé tí kò ní èèyàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń fi èdè Faransé ra búrẹ́dì ládùúgbò wa, ẹni tó ń tà á sì ń fi Faransé dá wọn lóhùn. Èmi ni mo dà bí àlejò láàárín wọn. Títí mo fi pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mi ò kọjá Ìbàdàn rí. Nítorí náà, ẹ má retí pé kí n máa ka bọ́ọ̀dà àti ibùdókọ̀ fún yín. Àwọn ọmọ yín mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tó gbé mi lọ ni mo fẹ́ sọ, àti bí àwọn tó gbà mí sílé ṣe rí ohun tí àwa nílé kò rí lára mi.

Aránṣọ ni mí. Èmi ni mo ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta nílùú yìí àti fún ọ̀kan ní Ìsúndúnrin. Bí mo bá fi tẹ́ẹ̀pù wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ á wà lórí mi di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé rí.

Lọ́dún tó kọjá, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kì í ṣe pé ó ń fọ́ mi gan-an. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ki aṣọ tútù bọ inú rẹ̀. Etí mi ń hó bí ìkòkò omi tó kù díẹ̀ kó hó. Bí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀, gbogbo ara á máa yún mi bí ẹni tí wèrèpè bà. Ojú mi sì ń pọ́n. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire ni.

"Ìyá Délé, ara yín mà ń dán o! Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kún ojú yín!"

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, mo lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́místì kan. Kò yẹ̀ mí wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tó, ó sì fún mi ní òògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò. Mo mu ìgò mẹ́ta. Mo tún ń fún omi ewé ugwu mu lé e lórí láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo gé apá òsì méjì fún aṣọ ọ̀gá akọrin. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo ń wò wọ́n, mi ò mọ ohun tí kò dára níbẹ̀ àfi ìgbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi sọ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ ní kí ó bá mi mú abẹ́rẹ́, orúkọ abẹ́rẹ́ kò wá sẹ́nu mi. Mo ní, "Mú nǹkan yẹn wá, nǹkan tí a fi ń gún aṣọ." Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àyà mi já. Ìyá tó bí mi, kí ó tó kú, kò dá ọmọ rẹ̀ kankan mọ̀ mọ́. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Bí ó bá jẹun tán, á wò mí lójú, á ní, "Ẹ ṣé o, màmá. Àwọn ará ilé yín ńkọ́?" Mo gbà pé ohun tó ṣe é ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èmi náà.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Bàbá Délé ní oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Samúẹ́lì àbúrò mi, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Àbíjàn, pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa," kíá ni mo gbà. Inú ọkọ mi dùn sí i. Kò mọ̀ pé ńṣe ni mo fẹ́ lọ máa gbàgbé nǹkan níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí.

*Lójú ọ̀nà*

Ará Ẹ̀jìgbò ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Obìnrin tó jókòó tì mí ń kó ẹ̀gúsí lọ tà. Ó ti lọ bọ̀ débi pé ó ń kí àwọn tó ń ta omi ní bọ́ọ̀dà ní orúkọ. Ní Lomé, ó ra àkàsà fún mi. Mo tú ewé rẹ̀, mo bá ẹ̀kọ tiwa níbẹ̀, àmọ́ ó kan díẹ̀, ata tí wọ́n fi lé e lórí sì mú omi jáde lójú mi. Obìnrin tó tà á rí mi bí mo ṣe ń nu ojú, ó tún bu ẹja díẹ̀ sí i láìgba nǹkan kan. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi. A kàn ń mi orí síra wa.

Ibi tí a ti fẹ́ wọ Gánà ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá bọ́ọ̀dà tó gba ìwé mi kì í ṣe èèyàn líle. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì béèrè ìlú tí mo ti ń bọ̀. Mo la ẹnu. Mo rí ìlú wa lójú mi kedere. Mo rí ilé wa, mo rí àga tí mo máa ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Orúkọ ìlú náà ni mi ò rí. Ọkùnrin náà dúró. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi dúró.

Obìnrin ẹlẹ́gùúsí na ọrùn láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ̀jìgbò ni, ọ̀gá. Ẹ̀jìgbò ni gbogbo wa."

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ó já kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Títí di òní, bí mo bá rí i lọ́jà Ẹ̀jìgbò, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ.

*Omi kí ìròyìn tó dé*

Ọ̀sán ni mo dé ilé Samúẹ́lì ní Àjàmé, nínú Àbíjàn. Ìyàwó rẹ̀, Akísì, ọmọ ẹ̀yà Baulé ni, ará ibẹ̀ gan-an. A ti máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n a kò fojú kanra rí. Ní tiwa, kí àlejò tó fi ìdí lélẹ̀, a ti kí i kú ìrìn, a ti kí i kú ewu ọ̀nà, a ti béèrè ọkọ àti ọmọ. Akísì kò kí mi bẹ́ẹ̀. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó fi àga hàn mí, ó gbé omi tútù wá lórí àwo, ó wá jókòó síwájú mi. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo mu omi náà tán, wọ́n ṣì dákẹ́. Mo rò pé wíwá mi kò dùn mọ́ wọn nínú.

Akísì tún ìró rẹ̀ ṣe, ó wò mí. "Tàǹtí," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbẹ̀, "ìròyìn?"

Samúẹ́lì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣà wọn nìyẹn. Wọn kì í bi àlejò léèrè nǹkan kan títí á fi mu omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ìròyìn, àlejò á sì sọ ohun tó gbé e wá. Kì í ṣe kíkí lásán o. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Kò sí nǹkan burúkú," mo ní. "Mo kàn wá kí yín ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní Kódífúà nìyẹn. Akísì mi orí, ó ní, "O káàbọ̀, Tàǹtí." Ojú Samúẹ́lì rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ fún un pé a kì í sọ "o" fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Akísì gbìyànjú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń pe "ẹ" káàkiri ilé, ó tilẹ̀ pe ológbò wọn ní "ẹ". Nígbà tó yá, mo ní kí ó fi mí sílẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí àrífín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ṣì wà lọ́mọdé.

*Ànàgó*

Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, "Ànàgó, wá wo ẹja!" Kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ́ aránṣọ, tí mo ti ń jẹ́ ìyá Délé, ó ṣàjèjì létí mi pé ẹ̀yà mi nìkan ni gbogbo orúkọ mi. Kí n má purọ́, ó tù mí lára. Kò sẹ́ni tó retí pé kí n mọ orúkọ òun.

Mo jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, tí àwọn tó ti ibẹ̀ dé ń sè fún wa nílé, ẹ má bínú, kò tíì jinná. Tọ̀hún fúyẹ́ bí ìrì. Èèyàn á fi ọwọ́ kó o pẹ̀lú ẹja yíyan àti àlùbọ́sà tútù, kò ní mọ ìgbà tó tán. Dòdò wọn, tí wọ́n ń pè ní alókò, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo àdúgbò á ní, "Yakó." Bí òkú kú, yakó. Bí àwo fọ́, yakó. Ó jọ "pẹ̀lẹ́" tiwa, àmọ́ wọ́n máa ń fà á gùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde nílé ìwẹ̀, ara ń yún mi débi pé mo ń fi ẹ̀yìn ha ara ògiri. Akísì rí mi.

"Tàǹtí, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ooru ni."

Ó mú ọwọ́ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó pọ́n kuku. Ó wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ mi.

*Lábẹ́ igi máńgòrò*

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n mú mi lọ kí ìyá Akísì ní abúlé kan lẹ́yìn Tumodi. Oko iṣu ni gbogbo ọ̀nà náà, ebè lórí ebè, bí ẹni pé ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni mo wà. Ìyá náà ti darúgbó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jókòó bí ọba lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n fún wa ní àga. Wọ́n gbé omi wá. A mu ún. Gbogbo agboolé dákẹ́.

Ìyá sọ̀rọ̀, Akísì sì sọ ọ́ di Yorùbá fún mi. "Ìyá ní, ìròyìn?"

Mo ti múra láti sọ pé kò sí nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó yìí ń wò mí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò kánjú rárá. Kò tíì sí ẹni tó dákẹ́ de ọ̀rọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, bí wọ́n bá ní "ṣé dáadáa lẹ wà," ìdáhùn á ti wà lẹ́nu ẹni tó béèrè.

"Samúẹ́lì," mo ní, "sọ fún wọn pé nǹkan burúkú wà. Sọ fún wọn pé orí mi ń lọ. Mo gbàgbé orúkọ abẹ́rẹ́. Mo gbàgbé orúkọ Ẹ̀jìgbò. Ohun tó ṣe màmá wa ló ń ṣe mí, mo sì sá wá síbí kí ọkọ mi má baà rí i."

Samúẹ́lì kò lè túmọ̀ rẹ̀. Akísì ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì rí i pé ó fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún fi kan ojú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ohun tó ti rí.

"Yakó," ni ìyá wí. Àwọn tó kù lábẹ́ igi náà sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yakó. Yakó."

Lẹ́yìn náà ló tún sọ̀rọ̀. Akísì ní, "Ìyá ní ìròyìn yẹn ti di ti gbogbo wa. Ó ní kí a gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní kí o kọ́kọ́ jẹun."

Fútù ni wọ́n fún wa, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jọ gún, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìyẹ tí wọ́n dé ẹnu ìkòkò rẹ̀ pa títí ó fi jinná nínú omi ara rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún bù sí i.

*Omi díẹ̀ nínú ìgò tín-ín-rín*

Dókítà náà kéré, ó lè jẹ́ àkọ́bí mi obìnrin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ó pe Samúẹ́lì pé kí ó jókòó tì mí kó lè máa túmọ̀, ó sì béèrè nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Màmá, ṣé ara máa ń yún yín bí ẹ bá wẹ̀ tán?"

Mo wo Akísì. Akísì wo òkè àjà.

Dókítà fi ìgò tín-ín-rín kan hàn mí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kí ó lè sílẹ̀. Nínú ti ẹlòmíràn, ó ní, apá ìsàlẹ̀ á pupa, omi tó mọ́ á sì gba bí ìdajì òkè. Nínú tèmi, pupa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Omi tó wà lórí rẹ̀ kò ju ìbú èékánná lọ.

Samúẹ́lì yí ojú sí mi, ó rú u lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ jù."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bi í dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ jù."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn nǹkan pupa kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ru afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ sí ọpọlọ. Ó dára kí wọ́n pọ̀ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn inú eegun mi ti ń ṣe wọ́n ní àṣejù, wọ́n sì ti sọ ẹ̀jẹ̀ mi di kíki bí ògì tí wọn kò bu omi là. Ó ń wọ́ lọ nínú àwọn iṣan tóóró tó wà nínú orí. Ẹrù afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè débẹ̀. Ṣúgà tí ọpọlọ ń jẹ, inú omi ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ sí, omi yẹn ni kò sì sí lára tèmi. Pàǹtí tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ náà ń pẹ́. "Ọpọlọ yín kò tíì bàjẹ́ lójú tèmi," ó ní, "ebi ló ń pa á, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà lè dì nínú iṣan lọ́jọ́ kan, kó sì rọ yín lápá rọ yín lẹ́sẹ̀."

Mo rántí ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí Samúẹ́lì túmọ̀ rẹ̀, dókítà fi ọwọ́ bo ojú.

"Ṣé kì í ṣe ohun tó pa ìyá mi?" mo béèrè.

"Mi ò lè búra fún yín lónìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dín in kù ná. Orí yín ló máa dá wa lóhùn."

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí lójú. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, wọ́n jẹ́ kí ó ṣàn sínú àpò, wọ́n sì fún mi ní omi àti bisíkíìtì. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fún mi ní oògùn kéékèèké tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì mú ẹ̀jẹ̀ mi lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn tó fi hàn pé eegun mi ni iṣẹ́ náà ti ń jáde lóòótọ́.

Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo jí láàárọ̀ tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń wá nǹkan tó sọnù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé híhó inú etí mi ni. Ó ti lọ. Mo gbọ́ Akísì bó ṣe ń fọ abọ́, mo gbọ́ ọmọ tó ń sunkún ní ilé kẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ nǹkan inú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé: fèrèsé, kọ́tìnì, ìṣó, bàtà, òwú. Gbogbo wọn wá. Mo dárúkọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti bí èjìká olúkúlùkù wọn ṣe fẹ̀ tó. Samúẹ́lì bá mi níbi tí mo ti ń kà wọ́n tí omi ń dà lójú mi. Ó jókòó tì mí, ó ń bá mi ka àwọn tó mọ̀.

Kí n tó kúrò, mo rán búbà kan fún ìyá Akísì. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan péré lábẹ́ igi, aṣọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Akísì fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, ìyá dúró ṣánṣán, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gbé àgbọ̀n sókè.

*Ilé*

Àìsàn yìí kì í lọ pátápátá. Mo ń lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á wò ó, bí ó bá ti pọ̀, wọ́n á fa díẹ̀. Mo ń mu omi púpọ̀, mo sì ń lo oògùn mi. Bí ẹ bá rí mi tí ẹ kí mi pé ara mi ń dán, n ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n n ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọjọ́ tí mo dé, Bàbá Délé kò lọ sí oko. Ó pa adìyẹ, ó sì gbé àpótí fún mi kí n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí abẹ́rẹ́ dé orí ìyá Akísì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo fi pamọ́.

Ó ń fi ẹsẹ̀ yí eérú ká nílẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Kí lẹ mọ̀?"

"O ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tó oṣù mẹ́fà kí o tó lọ."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Mo ń jẹ ẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wàá mọ̀ pé mo ti rí i." Ó tún yí eérú náà ká. "Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì lọ sí oko."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Òun náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a ṣe tán, mo dìde, mo gbé ọbẹ̀ adìyẹ náà kaná, ó sì tẹ̀ lé mi, ó fara ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bu iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Mo fi síbí bù ú, mo fẹ́ ẹ, mo nà án sí i.

Ó tọ́ ọ wò. Ó ronú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

"Ìyá Délé," ó ní, "iyọ̀ rẹ̀ mà kéré."